Orúkọ Tó Wà Lára Òkúta

Bàbá mi a máa sọ pé ọmọ ìjòyè ni baba ńlá wa,
pé ẹṣin mẹ́ta ló ní ní Áílándì
kí ó tó bínú kúrò nílé.
Bàbá mi a tún máa sọ pé òun kì í mutí.

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa àwọn ọmọ lọ síléèwé,
ọwọ́ mi dilẹ̀, òtútù Ontéríò ò jẹ́ kí n jáde,
ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.
Mo wá a nínú ìwé ìrìbọmi tí eku ti jẹ létí.
Mo wá a nínú ìwé ìkànìyàn:
Tuohy ni akọ̀wé àkọ́kọ́ kọ,
Toohey ni ti ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀,
ẹni kẹta kọ Twohey, ó sì da yíǹkì lé e.
Ọkùnrin náà ò mọ̀wé, kò lè bá wọn jà.
Àgbélébùú kékeré ló ń fà síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí,
apá kan gùn ju ìkejì lọ,
bíi ti ẹni tó ń kánjú padà sídìí àáké.

Ìwé ilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún éékà ni wọ́n fún un.
Kò sọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Àwọn Algonquin tó ń dẹ igbó yẹn
kò sí nínú ìwé kankan tí mo ṣí.
Igi páìnì ló kọ́kọ́ bá jà, lẹ́yìn náà òkúta.
Òkìtì òkúta tó kó jọ ṣì wà létí oko,
mọ́kànlá, mo ti kà wọ́n;
bí yìnyín bá ti yọ́, ilẹ̀ a tún bí òmíràn.

Ní oṣù kejì mo rí i nínú ìwé ọkọ̀ ojú omi.
Mo pariwo. Ológbò mi sá sábẹ́ àga.
Bartholomew Tuohy, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
alágbàṣe, láti Clare, ọdún 1847,
nígbà tí ọ̀dùnkún ń jẹrà nínú ebè.
Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà dé òpin,
níbi tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé:
ó kú lójú òkun, a sọ ọ́ sómi.

Mo yọ awò ojú mi. Mo nù ún. Mo tún un kà.

Òkú kì í gba ọgọ́rùn-ún éékà.
Òkú kì í bí ọmọ mẹ́jọ.
Ta wá ni ìwọ,
tó wọ orúkọ olóògbé bí ẹ̀wù tó bá ọ mu?
Ṣé ẹ jọ dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀ ni,
tí ibà mú un, tó fi ọ́ sílẹ̀?
Ṣé gbèsè lò ń sá fún, àbí ọlọ́pàá, àbí ìyàwó?

Orúkọ baba bàbá ni wọ́n fi ń pe àkọ́bí ọkùnrin
láàrin àwọn ènìyàn rẹ nígbà náà.
Fintan lo sọ tìrẹ.
Kò sí Fintan kankan nínú ìran Tuohy, mo ti wá a tán.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ:
ìwọ náà yíjú wò ó, lẹ́ẹ̀kan péré,
lójú àlùfáà, tí omi ń kán lórí ọmọ,
o pe baba rẹ níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ pé òun lò ń pè.

Lánàá mo gbé búrọ́ọ̀ṣì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ síbi ibojì.
Mo fọ òkúta náà títí lẹ́tà B fi yọ, lẹ́yìn rẹ̀ T.
Lorne, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní ká pa á rẹ́, ká kọ òmíràn.
Kí ni ká kọ?
Mo ní: baba Fintan, ọmọ Fintan,
bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, dá mi lóhùn.
Atẹ́gùn ń fẹ́ láàrin páìnì.
Lorne ti wọnú ọkọ̀, ó ń fun fèrè, òtútù ti mú un.

Mo fọwọ́ sí ìwé àlejò tó wà lẹ́nu géètì:
Honora Twohey, bí wọ́n ti ń kọ ọ́.
Lẹ́yìn náà mo fa àgbélébùú kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
apá kan gùn ju ìkejì lọ.